J-35 tí Ṣáínà gbé jáde yìí, ta gan-an ló máa rà á?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni J-35 yìí gan-an?

Ìdáhùn: Bàálù ogun ni, irú èyí tí rádà kìí tètè rí, ilé-iṣẹ́ Shenyang ní Ṣáínà ló ṣe é. FC-31 tó ṣíwájú ẹ̀ ti fò láti 2012, wọ́n gbé e kiri títí, kò sẹ́ni tó rà á. November 2024 ni wọ́n wá pàtẹ J-35A, ẹ̀yà J-35 kan, níbi ìpàtẹ bàálù ní Zhuhai ní Ṣáínà, tí gbogbo ayé sì rí i pé àwọn ológun Ṣáínà fúnra wọn ti gbà á. Ibẹ̀ lọjà ẹ̀ ti yí padà o, torí ta ló fẹ́ ra ọbẹ̀ tí ẹni tó sè é ò jẹ́ tọ́ wò?

Ìbéèrè: Ta ló wà níwájú?

Ìdáhùn: Pakistan. Ní June 2025 ìjọba wọn ló gbé e síta pé Ṣáínà fi 40 lọ àwọn, kò pẹ́ ni mínísítà ètò ààbò wọn, Khawaja Asif, ní inú ìròyìn nìkan lọ̀rọ̀ náà wà. Síbẹ̀ mi ò lè fojú fo wọ́n, torí J-10C, bàálù ogun Ṣáínà míì tí wọ́n ti ń lò láti 2022, ni wọ́n gbé pàdé Íńdíà ní May 2025, wọ́n ní àwọn já Rafale tí Faransé ṣe bọ́, Íńdíà náà gbà pé òun pàdánù bàálù, ó kàn kọ̀ láti sọ iye ni. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń fojú míì wo ọjà Ṣáínà.

Ìbéèrè: Àwọn Lárúbáwá olówó epo ńkọ́?

Ìdáhùn: Owó wà, ìbẹ̀rù Amẹ́ríkà ni ò jẹ́. UAE, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, fọwọ́ síwèé láti ra 50 F-35, bàálù ogun Amẹ́ríkà tí rádà kìí tètè rí, ní January 2021, ọ̀rọ̀ Huawei, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, wà lára ohun tó dì í lọ́wọ́, ni wọ́n bá lọ ra L-15 tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ Ṣáínà. Íjíbítì náà ní F-16, bàálù ogun Amẹ́ríkà, rẹpẹtẹ. Àmọ́ ẹni tí bàálù Amẹ́ríkà bá kún ilé ẹ̀, tí Amẹ́ríkà bá kọ̀ láti ta ẹ̀yà ara bàálù fún un mọ́, ó parí nìyẹn. Tọ́kì ra mísáìlì Rọ́ṣíà, ní 2019 Amẹ́ríkà lé e kúrò nínú iṣẹ́ F-35 pátápátá. Lójú tèmi, orúkọ Ṣáínà ni wọ́n á máa fi ná ọjà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Ṣé Nàìjíríà náà lè rà á?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. A ní JF-17 mẹ́ta tí Ṣáínà àti Pakistan jọ ṣe, May 2021 la gbà wọ́n wọlé sẹ́nu iṣẹ́ ní Makurdi, ẹ wá yẹ ara ẹ̀ wò: ẹ́ńjìnì ẹ̀, Rọ́ṣíà ló ṣe é, àga tó máa ń ju awakọ̀ síta tí nǹkan bá ṣe bàálù, ìlú Ọba ló ti wá. Tí ọ̀kan nínú wọn bá bínú, bàálù á jókòó sílẹ̀ ni. F-7Ni, bàálù ogun Ṣáínà tá a ti rà ṣáájú náà, nígbà tó tó àkókò àtúnṣe ńlá, ńṣe ni wọ́n kó àwọn kan padà lọ Ṣáínà. Àwọn tá à ń bá jà nínú igbó Sambisa ò sì ní rádà kankan tá a fẹ́ sá fún, bàálù ogun Super Tucano 12 tá a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ló bá iṣẹ́ yẹn mu jù.