Kí mọ́tò tó wálẹ̀, ẹ jẹ́ ká wọn ríìmù ná

Àwọn ọmọ Tánkẹ̀ ní Ìlọrin níbí ló máa ń wá bá mi jù, wọ́n á páàkì, wọn ò ní tíì kí mi tán tí wọ́n á ti ní "ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà bá wa gé spring?" Wọ́n fẹ́ kí mọ́tò wọn wálẹ̀, kó jókòó sún mọ́ ilẹ̀. Èmi náà á ní ẹ jẹ́ n rí ríìmù tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì ra ríìmù o, spring ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gé torí ìyẹn ni owó ẹ̀ kéré jù, ibẹ̀ gan-an lowó sì ti máa ń ṣòfò.

Ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò jókòó dáadáa lójú kì í ṣe wíwálẹ̀ nìkan, kí ẹnu ríìmù sún síta débi fẹ́ńdà ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ríìmù bá ti bá fẹ́ńdà dọ́gba, tẹ́ ẹ bá fi 30 mílímítà péré mú mọ́tò wálẹ̀, ó ti parí. Ṣùgbọ́n èyí tí ríìmù ẹ̀ ṣì wọnú lọ, kẹ́ ẹ gé e títí kó máa ha ilẹ̀, á ṣì dà bí ọmọ tó wọ agbádá bàbá ẹ̀.

Wíwọ̀n ẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ so nọ́ọ̀tì kan mọ́ okùn, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù lẹ okùn yẹn mọ́ ẹnu fẹ́ńdà lókè táyà kó rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ, ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ẹnu ríìmù. Àyè tẹ́ ẹ ní síta nìyẹn. Ẹ wá yí sítíárìn dópin lápá ọ̀tún, ẹ yí i dópin lápá òsì, ẹ wo ibi tí táyà ti sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì jù, ẹ wọn ìyẹn náà. Ẹ kọ méjèèjì sínú fóònù, ẹ má kó o sórí lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn ríìmù ẹ ó rí ET pẹ̀lú nọ́ḿbà, bíi ET45 tàbí ET35. Ó ń sọ bí ojú tí ríìmù fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń so ríìmù mọ́, ṣe jìnnà tó sí àárín fífẹ̀ ríìmù, mílímítà ni wọ́n fi ń kà á, bó bá sì ṣe ń kéré sí i ni ríìmù ń sún síta sí i. Ká mú Camry Muscle, ká ní 16×6.5 ET45 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìyẹn gíga ínǹṣì 16, fífẹ̀ ínǹṣì 6.5, ẹ wá rí tòkunbọ̀ 18×8 ET35. Fífẹ̀ ẹ̀ fi ínǹṣì kan àbọ̀ lé, ìyẹn 38 mílímítà, 19 á lọ síta, 19 á lọ sínú. ET ti fi 10 dín, gbogbo ríìmù á tún sún síta ní 10. Ó di 29 síta, 9 sínú. Tó bá jẹ́ 25 ni okùn yín sọ, ẹ ti mọ̀ pé á yọ kọjá fẹ́ńdà, ẹ ò sì tíì náwó kankan.

Ihò náà ńkọ́? Camry àti Accord, 5×114.3 làwọn méjèèjì, ìyẹn ihò bóòtù márùn-ún lórí òbírí tó fẹ̀ tó mílímítà 114.3, Mercedes jẹ́ 5×112. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ipá wọ ríìmù Mercedes sí Camry fún yín, á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni bóòtù ń tẹ̀, nọ́ọ̀tì ò sì ní jókòó láéláé. Ihò àárín ríìmù Accord jẹ́ mílímítà 64.1, ti Camry jẹ́ 60.1, torí náà ríìmù Accord lórí Camry nílò rọ́ọ̀bà tàbí irin róbótó tó máa dí àlàfo yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárìn á máa gbọ̀n tẹ́ ẹ bá sáré.

Táyà, ẹ̀mí yín ló wà lórí ẹ̀. 215/60R16 tí Camry ń wọ̀, tẹ́ ẹ bá fi 225/45R18 rọ́pò ẹ̀, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mítà ò ní parọ́ iyára. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ḿbà ẹrù tó tẹ̀ lé e: 91 ń gbé kìlò 615, 95 ń gbé 690. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n kọ 95 XL sí, XL ni táyà tí wọ́n ṣe láti gbé ẹrù tó pọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára ẹ̀, ìyẹn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tó ti gbó, bó ti wù kó dán tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ó wá ku spring. Lásìkò òjò kan, wọ́n wọ́ Camry kan dé ṣọ́ọ̀bù mi látọ̀nà Òmù-Àrán. Ẹnì kan ti fi iná gáàsì gé ìká méjì, ìyẹn ibi tí irin ti ká po lẹ́ẹ̀mejì, kúrò lára spring ẹ̀, wọn ò tíì dé Àjàsẹ́ tí wọ́n fi kó sí kòtò, spring kán, ẹnu ẹ̀ gún táyà. Ìyàwó ọkùnrin yẹn àti ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn. Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Obìnrin yẹn jókòó sórí béǹṣì mi, kò lè sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ ò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Irin spring, wọ́n ti fún un ní ìwọ̀n iná tó yẹ ẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, iná tẹ́ ẹ bá tún fi kàn án ló ń ba agbára yẹn jẹ́. Bó sì jẹ́ abẹ irin lẹ fi gé e, spring tó ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá gé ìká kan, á fi nǹkan bíi 20% le sí i, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ò lè kápá ẹ̀, mọ́tò á máa fò bí àkèré. Téèyàn bá sì gé e jù, tí jáàkì bá gbé mọ́tò, spring á máa mì lórí ìjókòó ẹ̀. Ní tèmi, ẹ wá spring kúkúrú tòkunbọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún mọ́tò yín, ẹ ránṣẹ́ sí Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, bí Ìlọrin ò bá ní, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kù nínú owó ra ṣọ́ọ̀kì tó dáa. Ẹni tó fẹ́ tú u, kó fi irin tó ń há spring há a, kì í ṣe okùn, kì í ṣe wáyà.

Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, ọjọ́ kejì ni ẹ lọ ṣe aláímẹ́ńtì. Tí mọ́tò bá wálẹ̀, iwájú táyà á yà kúrò lọ́nà tó tọ́ sí, ìyẹn ló ń jẹ táyà kíá ju pé ó dà sínú lọ, mo ti rí táyà tuntun tí inú ẹ̀ pá láàárín oṣù méjì. Iná iwájú náà á ti rẹlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀.

Nọ́ọ̀tì, ẹ má jẹ́ kí fọganáísà gun orí sípánà. Ti Camry jẹ́ 103 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì, a ní sípánà tó ń wọn ìyẹn. Nọ́ọ̀tì Honda ti ilé iṣẹ́, ẹnu ẹ̀ rí róbótó, ọ̀pọ̀ ríìmù ọjà sì ń fẹ́ èyí tó rí ṣóńṣó, kẹ́ ẹ ra tuntun. Ẹ wá gbé e lọ sí Òmù-Àrán kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ tó wọlé ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ ká tún gbogbo nọ́ọ̀tì yẹn fún lẹ́ẹ̀kan sí i.