Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ òkun Ìlú Ọba

Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní etíkun Ìlú Ọba lè fa ẹja sókè, kó wọ̀n ọ́n, kó rí i pé kò tíì tó, kó sì dá a padà sómi. Ẹja á fi ìrù na omi, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ pẹja kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí ọ̀kọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn onírọ́bà tí wọ́n fi ń ta á, tó sì ba ẹja, ọ̀rọ̀ ti parí, ì báà tó, ì báà má tó. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ yìí náà, ẹyin ni. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kó tó yìnbọn.

Òtútù ni wàhálà àkọ́kọ́. Ní Cornwall àti Devon, tó wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, omi òkun máa ń wà ní nǹkan bí 8 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà òtútù, kó tó gòkè dé bíi 16 tàbí 17 nígbà tí ooru bá ń parí lọ. Lápá Northumberland lókè lọ́hùn-ún, ó tún tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ rọ́bà ni wọ́n ń wọ̀ wọ inú rẹ̀, ṣòkòtò lọ́tọ̀, ẹ̀wù tó ní fìlà lára lọ́tọ̀, tó nípọn tó mìlímítà 5 sí 7. Inú aṣọ náà kò ní ìtẹ́nú. Rọ́bà gan-an ló ń lẹ̀ mọ́ ara, kí omi má baà rí àyè rìn láàárín. Bí èèyàn bá fẹ́ fi tipátipá wọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, yíya ni yóò ya, nítorí náà omi ọṣẹ ni wọ́n ń dà sí i kó lè yọ̀. Ẹni tó bá kọjá létí òkun láàárọ̀ kùtù, tó rí àgbàlagbà tó ń da omi ọṣẹ látinú ike sínú ẹ̀wù dúdú, kó má rò pé orí onítọ̀hún ti dàrú.

Rọ́bà tó nípọn báyìí máa ń léfòó, kò sì ní jẹ́ kí èèyàn rì. Wọ́n á wá so òjé mọ́ ìbàdí. Ìwọ̀n òjé yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń méfò. Ó gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n tí ẹni tó bá dákú lójú omi á ṣì léfòó, tí yóò jẹ́ pé ó di bíi mítà mélòó kan nísàlẹ̀, níbi tí omi ti fún rọ́bà pọ̀, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í rì fúnra rẹ̀. Ẹni tó kó òjé jọ nítorí àtitètè rì ń wá ìjàngbọ̀n.

Lẹ́yìn òtútù, omi dídọ̀tí ló kàn. Ọ̀kọ̀ ò wúlò fún ẹni tí kò ríran. Lásìkò tí ojú ọjọ́ bá ń móoru bọ̀, pàápàá ní oṣù karùn-ún, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí máa ń pọ̀ nínú omi òkun débi tí omi á fi dà bí omi ìṣanra. Ìgbì ńlá náà tún máa ń ru iyanrìn sókè, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìjì kí omi tó tòrò. Kíkún àti fífà òkun ṣì wà níbẹ̀. Nínú Bristol Channel, láàárín Wales àti England, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún jù àti ìgbà tó fà jù lè ju mítà 14 lọ, ọ̀kan lára èyí tó ga jù lágbàáyé. Omi tó ń lọ tó ń bọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń gbá ẹrẹ̀ kiri, ó sì lè gbá èèyàn lọ pẹ̀lú. Nítorí náà ni ọdẹ abẹ́ omi ṣe ń ṣọ́ òṣùpá. Nígbà tí òṣùpá bá lé àti nígbà tó bá yọ kíkún, omi a máa rìn gan-an. Nígbà tó bá jẹ́ ìlàjì òṣùpá ló hàn, ìrìn omi á rọlẹ̀, omi á sì mọ́. Láàárín kíkún àti fífà, ìwọ̀nba àkókò kan wà tí omi máa ń dúró jẹ́ẹ́. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ń dọ́gbọ́n sí.

Àṣà àwọn ọdẹ yìí ni pé wọn kì í gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́rùn. Èémí kan ni wọ́n fi ń lọ, òun náà ni wọ́n fi ń bọ̀. Ibí yìí ni ikú máa ń fara pamọ́ sí, ó sì yẹ kéèyàn dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí àyà máa le koko mọ́ ẹni tó sé èémí kì í ṣe pé ọ́síjìn ti tán. Káàbọ́nì dáyọ́sáìdì tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pariwo. Ẹni tó bá dúró lójú omi tó ń mí gùlegùle kó tó wọlé rò pé òun ń kó èémí pamọ́ ni. Rárá o. Káàbọ́nì dáyọ́sáìdì ló ń gbá dànù, ọ́síjìn tó rí kún un kò tó nǹkan. Ó ti di agogo ìkìlọ̀ lẹ́nu.

Ní mítà 10, ìfúnpọ̀ tó wà lára èèyàn jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojú omi, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á sì sún kì dé ìdajì. Ìfúnpọ̀ yìí ń ti ọ́síjìn wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á sì balẹ̀ bí ẹni pé kò sí ewu. Àfi bó bá ń gòkè bọ̀. Bí ìfúnpọ̀ ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni agbára ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù ń dín kù, ojú á sì ṣú lójijì nígbà tó ku mítà díẹ̀ kó yọrí. Onítọ̀hún ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ ní méjì-méjì: bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á wà lójú omi, á máa wò ó, kò sì ní gbójú kúrò lára ẹni tó yọrí títí tó fi mí dáadáa. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú kan nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi tó ìṣẹ́jú méjì, ó kéré tán, kó tó padà lọ.

Ọkọ̀ ojú omi kò rí ẹni tó wà lábẹ́ omi, nítorí náà okùn gígùn kan máa ń so ọdẹ mọ́ ohun tó léfòó, tí àsíá funfun àti àwọ̀ búlúù wà lórí rẹ̀. Ìtumọ̀ àsíá yẹn ni pé èèyàn wà nísàlẹ̀, kí ọkọ̀ rọra, kó sì jìnnà.

Ìbọn náà fúnra rẹ̀ kò le. Igi tàbí irin gbọọrọ ni, rọ́bà tí wọ́n fà wá sẹ́yìn ló ń ti ọ̀kọ̀ jáde. Èyí tó gùn tó 75 sí 90 sẹ̀ǹtímítà ló bá omi ibẹ̀ mu, torí a kì í ríran jìnnà. Etí kékeré kan wà nítòsí ẹnu ọ̀kọ̀ tó máa ń ṣí lẹ́yìn tó bá gún ẹja kọjá, kí ẹja má baà yọ́ bọ́. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: inú omi nìkan ni wọ́n ti ń fa rọ́bà náà, wọ́n á sì tú u kí wọ́n tó jáde.

Ẹja tí wọ́n ń lé jù ni bass, ẹja aláwọ̀ fàdákà tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn. “Lé” gan-an kò tọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè lé bass bá. Ọdẹ á dorí kodò, á na ẹsẹ̀ sókè, ìwúwo ẹsẹ̀ yẹn ni yóò sì rọra tì í wọlé. Bó ti ń lọ ni yóò máa di imú tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú etí, kí etí má baà dùn ún. Tó bá dé ìsàlẹ̀, á wọ àárín ewé òkun gígùn tó hù lórí àpáta, á fi ọwọ́ kan di igi ewé mú, á na ìbọn síwájú, á wá dákẹ́ bí òkúta. Bass máa ń fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Á yọ láti inú omi tó ṣókùnkùn, á yí ẹ̀gbẹ́ sí ọdẹ, á fẹ́ wò ó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní kéèyàn má tẹjú mọ́ ọn, torí ó dà bíi pé ó mọ̀ bí wọ́n bá ń wo òun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí lè tó ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹja kò sì ní wá.

Bó bá wá ńkọ́? Omi ń purọ́. Tí èèyàn bá wo nǹkan nínú omi láti ẹ̀yìn gíláàsì, ohun tó wà ní mítà mẹ́rin á dà bíi pé mítà mẹ́ta ló wà, á sì tóbi sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Òfin ní bass tí kò tó 42 sẹ̀ǹtímítà, láti ẹnu dé òpin ìrù, kò ṣeé mú. 36 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ẹja 32 ló máa ń dà bí 42 lójú ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ẹni tí kò bá ti kọ́ ojú rẹ̀ á pa ọmọdé ẹja láìmọ̀. Àwọn mìíràn ń fi àmì sára ìbọn, ṣùgbọ́n ìbọn sún mọ́ ojú ju ẹja lọ, àmì náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé. Ẹja tó bá mú iyèméjì dání, fífi sílẹ̀ ló dára jù. Bass kì í tètè dàgbà. Ó lè tó ọdún mẹ́fà kó tó gùn tó 42.

Èèyàn ò nílò ìwé àṣẹ láti pẹja nínú òkun ibẹ̀ fún jíjẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó jẹ́ ayé ẹ mú kí n mú. Bass ní iye tí ẹnì kan lè mú lóòjọ́, ìjọba sì máa ń tún òfin náà gbé yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ìgbà kan wà láàárín ọdún tó jẹ́ pé mú-un-kí-o-dá-a-padà nìkan ló wà. Fún oníwọ̀, ó ṣì lè ṣeré. Fún ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ pẹja, ilẹ̀kùn tì pátápátá, torí kò lè dá nǹkan kan padà. Kò sì gbọdọ̀ ta bass tó bá pa. Ẹja salmon àti trout, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀kọ̀ pa wọ́n ní England àti Wales. Òfin ọdún 1975 dárúkọ ọ̀kọ̀ pàtó. Ibòmíràn wà tí nǹkan kan ò ṣeé mú rárá, bí apá ìlà oòrùn erékùṣù Lundy láti ọdún 2003.

Nǹkan méjì kan wà tí òfin lè fàyè gbà, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ṣì máa ń fi sílẹ̀. Ọ̀kan ni ẹja wrasse. Kì í sá, ó ń dúró síbi tó ń gbé, ọmọdé pàápàá lè pa á. Abo ni gbogbo irú tí wọ́n ń pè ní ballan fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé, díẹ̀ nínú àwọn tó dàgbà ló ń yí padà di akọ, nítorí náà ẹni tó bá pa akọ ńlá kan ti da agboolé kan rú. Èkejì ni fífi ọ̀kọ̀ gún lobster, irú edé ńlá kan. Ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n fi mú un, kí wọ́n lè yí i padà wò bóyá ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, torí láti 2017 ni òfin England ti ní kí wọ́n dá èyí tó ní ẹyin padà.

Bí ọ̀kọ̀ bá wọlé, ọdẹ á di ẹja mú níbi àgbọ̀n, ibi tó fi ń mí, á fi ọ̀bẹ gún un ní ọpọlọ lójú ẹsẹ̀, kó má jìyà, kí ẹran rẹ̀ sì dára. Ìbọ̀wọ́ ń ṣiṣẹ́ níbí yìí, torí ẹ̀gún ẹ̀yìn bass àti ìdérí àgbọ̀n rẹ̀ mú bí abẹ. Lẹ́yìn náà, á so ó mọ́ ohun tó léfòó. Séálì, ẹranko inú òkun tó ń jẹ ẹja, sì wà nítòsí: bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo séálì eléérú tó wà láyé ló ń gbé etíkun Ìlú Ọba, wọ́n sì ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà lára okùn yẹn.

Èyí tí séálì bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń là létí omi. Wọ́n máa ń tú inú rẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù. Bí akàn ló kún ibẹ̀, àárín àpáta ni ẹja ti ń jẹun. Bí ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ inú iyanrìn ni, ẹ̀bá iyanrìn ni ọdẹ yóò fara pamọ́ sí lọ́la, bí omi bá ṣì mọ́.