Kókó Olómi Lórí Funfun Ojú: Ẹ Má Fi Abẹ́rẹ́ Gún Un

Bí ẹ bá wo dígí, tí ẹ rí nǹkan roboto tó lé bí ìléròrò lórí funfun ojú, tó mọ́ gaara, tó jẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó olómi lásán. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn, kì í sì í fọ́ ojú ẹni.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo funfun ojú, òun náà ló tún ká gba abẹ́ ìpéǹpéjú. Bí awọ yìí bá fara pa, yálà nítorí ọwọ́ tí a fi ń ra ojú ṣáá, tàbí ojú pípọ́n tó pẹ́, tàbí iṣẹ́ abẹ, díẹ̀ lára òkè rẹ̀ lè ká wọ abẹ́, kó sì di àpò. Èèpo àpò náà á wá máa sun omi díẹ̀díẹ̀, omi kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Èyí ló fà á tí kókó fi lè yọ ní oṣù tàbí ọdún mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Èyí tó kéré kì í dun ènìyàn. Èyí tó bá tóbi máa ń ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà lójú, torí pé ó ń gbé ìpéǹpéjú sókè, omijé kò sì ní lè tàn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Bí kò bá yọ yín lẹ́nu, ẹ fi sílẹ̀. Òmíràn á lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń yọ ojú lẹ́nu, omijé àtọwọ́dá (omi tí a ń kán sójú bí omijé), ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, á mú kó rọrùn, àmọ́ kò ní sọ kókó náà di kékeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra oògùn ojú tó ní sítẹ́rọ́ìdì (èròjà tó ń mú pípọ́n àti wíwú wálẹ̀) fúnra yín. Bí ẹ bá lò ó pẹ́ láìsí àyẹ̀wò, ó lè gbé ìfúnpá inú ẹyinjú sókè títí yóò fi ba ìríran jẹ́.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ jù ni gígún. Bí wọ́n bá gún un, omi á jáde, ibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ẹsẹ̀, a ó rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n èèpo ṣì wà níbẹ̀. Ihò á dí, èèpo á tún máa sun omi. Bí dókítà tilẹ̀ gún un, ó sábà máa ń padà. Ẹni tó bá sì gún un nílé lè ti kòkòrò àrùn wọ ojú, tàbí kó gún ẹyinjú gan-an.

Bí ó bá ní láti kúrò, dókítà ojú á kán oògùn tó ń pa ìrora, á fún abẹ́rẹ́ díẹ̀ sábẹ́ awọ, á la awọ náà, á sì yọ àpò náà lódindi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le, torí bí àpò bá bẹ́ lójijì, etí rẹ̀ kì í hàn mọ́, díẹ̀ sì lè ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, ẹ ó kán oògùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ kò sì ní fọwọ́ ra ojú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rọ sí funfun ojú lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, kò burú.

Èyí tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínípọn wọ inú rẹ̀, tí òkè rẹ̀ funfun bí èépá, tó dúdú, tàbí tó ń rá lọ sórí dúdú ojú, kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ojú bá ń dùn, tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ìríran ń dínkù. Ẹ tètè lọ rí dókítà ojú.