Ara Ta Ni Olùkọ́ Yóògà Fẹ́ Mọ̀? Bí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Yìí Ṣe Rí ní Ilé-Ifẹ̀

Yóògà ni ìdárayá nínà ara àti mímí tó wá láti Íńdíà. Ìwé ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà jẹ́ ti ẹ̀kọ́ wákàtí 200. Yoga Alliance, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ ìwọ̀n yìí di ohun tí ayé mọ̀. Ẹni tó bá parí rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń darí ènìyàn tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè wá olùkọ́ ní Ifẹ̀, ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ̀yìn ló ń dun ọ̀kan, èkejì lóyún, orúnkún ẹ̀kẹta kò ṣeé ká mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn irú ara tí olùkọ́ fẹ́ mọ̀ dáadáa.

Ẹ̀ka aboyún ló gba ìṣọ́ra jù. Lẹ́yìn wákàtí 200 yẹn, Yoga Alliance tún ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 85 kí ó tó forúkọ ẹnì kan sílẹ̀ fún un. Bí oyún bá ti kọjá ìdajì, tí obìnrin fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́, ilé-ọmọ tó ti wúwo lè tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Oríkèé ara náà máa ń dẹ̀, débi pé ẹni tó rò pé ara òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ lè na ara kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi ń lo ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀, ìjókòó àti ìkúnlẹ̀ jù. Ta ló sì fẹ́ kọ́ obìnrin Yorùbá ní ìkúnlẹ̀? Láti kékeré ló ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ìrọbí pàápàá, ìkúnlẹ̀ abiyamọ là ń pè é. Orúkọ tí yóògà ń pè é ní Sanskrit, èdè àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, kò wúlò níbẹ̀. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, àwọn aboyún ti máa ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yìn orin yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ mímí ti lè wọlé.

Fún àgbàlagbà, àga ló ń rọ́pò ẹní. B.K.S. Iyengar, ará Íńdíà, wà lára àwọn tó sọ lílo àga, bẹ́líìtì àti igi di àṣà nínú yóògà. Àga onígi tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri ló dára, torí ẹsẹ̀ àga rọ́bà máa ń yà lórí táìsì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ sé èémí, kò sì yẹ kí ó doríkodò. Ẹni tó ní àìsàn ojú tí ń jẹ́ glaucoma náà kò gbọ́dọ̀ doríkodò.

Ẹ̀yìn dídùn ni oko tó gbòòrò jù nílùú yìí: olùkọ́ yunifásítì tó ń máàkì ìwé ìdánwò, akọ̀wé, aránṣọ, ọlọ́kadà. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ oníṣègùn American College of Physicians ka yóògà mọ́ ohun tí ẹni tí ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ ti pẹ́ lè kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó lo oògùn. Ìyẹn kò sọ olùkọ́ di oníṣègùn o. Ìwé ẹ̀rí fífi yóògà ṣètọ́jú aláìsàn, tí IAYT, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń fi yóògà ṣètọ́jú, ń fúnni, gba ẹ̀kọ́ wákàtí 800 ó kéré tán. Iṣẹ́ físíò (physiotherapy), tí wọ́n ń fi ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, sì ní òfin àti ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ìrora bá ń sáré bọ́ sí ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọ̀nà kan náà ló yẹ kí oníbàárà gbà padà: ẹni tí àwọn físíò ti tọ́jú tán ló nílò ibi tí yóò ti máa na ara lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń dá aláìsàn padà sọ́dọ̀ wọn lákòókò ni wọ́n máa fọkàn tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ní OAU, àwọn eléré ìdárayá àtàwọn tó ń kọ́ eré orí ìtàgé, tí èémí jẹ́ irinṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n nìkan ṣe oúnjẹ òòjọ́. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ, láti February sí October.

Àwọn kan yóò sá bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yóògà, nítorí ó ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn Íńdíà. Kí olùkọ́ má purọ́ fún wọn. Kí ó sọ ibi tó ti wá, kí ó sọ ohun tí òun máa kọ́ni àti èyí tí òun kò ní kọ́ni.

Ní ti owó, sísan lójúmọ́ ló ń tú kíláàsì ká: òjò rọ̀, ènìyàn méjì dé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Odò-Ògbè lè san ti oṣù kan lápapọ̀, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ẹni tí kò wá, owó tirẹ̀ ti wọlé.