Kí Ẹ Tó Ra Ìgò Torí Ṣúgà

Àwọn ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bèèrè sọ́pílímẹ́ǹtì ajáṣúgà inú ìgò lọ́wọ́ mi nílé oògùn wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹjọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n rán fún Ojúde Ọba èṣí ti há níkùn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sì ti ń ka 110, 115 láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu. "Oúnjẹ tí mò ń jẹ látẹ̀yìnwá náà ni mò ń jẹ o." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ́sítírójìn, èròjà ara obìnrin tó máa ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, kì í ṣe ti ilé ọmọ nìkan. Ó wà lára ohun tó ń mú kí ara gbọ́ràn sí íńsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu. Bó bá lọ sílẹ̀, ọ̀rá tó máa ń wà ní itan àti ìdí á wá kó sí ikùn, ẹran ara tó ń lo ṣúgà á máa joro, ooru òru á sì fi oorun du ẹni. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹun bá wà láàárín 100 sí 125 mg/dL, ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ ṣúgà lèèyàn wà. Bó bá tó 126, tí wọ́n tún un ṣe tí kò yí padà, ó ti wọlé.

Ìgò wá ńkọ́? Magnesium wúlò fún ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó lára. Ìwádìí lórí chromium àti cinnamon ń takora. Berberine, èròjà tí wọ́n ń yọ lára egbòogi, ń já ṣúgà díẹ̀ lóòótọ́, ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Ti fítámì D, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 lórí èèyàn 2,423 tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn: 4,000 IU lójúmọ́ kò dá wọn dúró ní ìwọ̀n tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2002, níbẹ̀ náà, àwọn tó dín ìwọ̀n ara wọn kù díẹ̀, tí wọ́n ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu ìtọ̀ ṣúgà kù. Láàárín àwọn tó ti tó ọgọ́ta ọdún, ó tó 71. Kò sí ìgò tó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí káńtà mi, èmi tí mò ń tà á ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé gaàrí Ìjẹ̀bú kò ní ṣúgà torí pé ó kan. Pákí tí wọ́n rin, tó sì pẹ́ nínú àpò, ló kan. Sítáàṣì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Mi ò ní kí ẹ má mu gaàrí (ta ni yóò gbọ́?). Ẹ bù ú kéré, kí ẹ̀pà àti ẹja díndín pọ̀, kí ṣúgà má sì sí níbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá ti ń lo Daonil (oògùn oníhóró tó ń já ṣúgà) tàbí íńsúlínì kò gbọdọ̀ fi berberine tàbí àgbo inú ìgò lé e láìsọ fún dókítà rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára àgbo kò sọ pé wọ́n ti dán an wò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ka ìlà wínníwínní tó wà lára páálí.

Bí ṣúgà bá já jù, òógùn á bo èèyàn, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Àwọn ìyá máa ń rò pé ooru òru wọn náà ni, wọn á tan fáànù, wọn á padà sùn. Ẹ má sùn. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà mọ́ omi, ẹ mu ún, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá gòkè, ẹ tún mu ún. Bí ẹni náà kò bá dáhùn mọ́, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ sì mú gbogbo ìgò tó ń lò dání.