Ìdí tí Kòkòrò Oríkèé Àtọwọ́dá Fi Ń Pamọ́ fún Láàbù

Bí wọ́n bá pààrọ̀ oríkèé ìbàdí, orúnkún tàbí èjìká, tí ìrora kò lọ, tí láàbù sì ń kọ pé àwọn ò rí kòkòrò kankan, ó lè jẹ́ pé kòkòrò wà níbẹ̀, wọn ò kàn wá a bó ṣe yẹ ni. Staphylococcus ló wọ́pọ̀ jù, kì í sì í sábà pẹ́ hù bí láàbù bá gbìn ín. Àwọn tí kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló ń pamọ́: Cutibacterium acnes, Brucella, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ara irin oríkèé àtọwọ́dá náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á wá da ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń léfòó nínú omi oríkèé, àǹtíbáyótíìkì á sì tún pa nínú ìwọ̀nba náà. Nítorí náà, bí ara aláìsàn bá gbà á, kí wọ́n dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gba ohun àyẹ̀wò. Omi tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fà, kí díẹ̀ lọ sínú ìgò EDTA (tí kì í jẹ́ kó dì) fún kíka sẹ́ẹ̀lì funfun, kí ìyókù lọ tààrà sínú ìgò blood culture, ìyẹn ìgò tó ní oúnjẹ tí kòkòrò fi ń hù. Ní tíátà, kí dókítà gé ẹran ara níbi márùn-ún, kó pààrọ̀ irinṣẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìgò tirẹ̀. Òwú tí wọ́n fi nu ojú ibẹ̀ kò tó rárá.

Ìdí tó fi jẹ́ márùn-ún ni pé Cutibacterium ń gbé lára awọ gbogbo wa. Bó bá hù nínú ìgò kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ti awọ ló kó wọlé. Bí irú kan náà bá hù nínú méjì, àrùn ni. Bí wọ́n bá yọ irin náà, wọ́n lè fi sínú omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, kí wọ́n mì ín fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ̀rọ sonication, tó ń fi ìgbì ìró gbọn nǹkan, gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún un mì, kí wọ́n wá gbin omi náà.

Sùúrù ló kù. Àwo tí wọ́n gbin ohun àyẹ̀wò sí, tí wọ́n dà nù lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kò lè fi Cutibacterium hàn. Ọjọ́ 14 ni kó lò, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò dé. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí Löwenstein-Jensen, oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn ín sí. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ ìgbóná tutù, ìdàgbà wọn á tún falẹ̀ sí i. Ohun àyẹ̀wò tó ń ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bọ̀ wá sí láàbù ní Ifẹ̀, ẹ má kó o sínú fíríìjì. Ẹ jẹ́ kó tètè dé.

Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ni àwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń darí láàbù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bí aláìsàn bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí kòkòrò Salmonella. Ẹ kọ ọ́ bó bá jẹ́ alápatà, darandaran, tàbí ẹni tó ń mu wàrà tútù tí wọn ò sè, nítorí Brucella. Afẹ́fẹ́ ni Brucella ń bá wọ ara òṣìṣẹ́ láàbù: kí ẹnikẹ́ni má ṣí àwo náà gbóòórùn, inú kábíńẹ́ẹ̀tì ààbò sì ni kí wọ́n ti ṣí i.