Òógùn Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ìrìn

Lójú ọ̀nà Marina ní Badagry, láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà kí oòrùn tó mú. Àwọn kan á ti wọ súwẹ́tà onífìlà lé ẹ̀wù, àwọn mìíràn á ti fi ọ̀rá dúdú wé ikùn lábẹ́ aṣọ. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà, wọ́n á bọ́ súwẹ́tà, wọ́n á fún un, omi á máa ro tótó sílẹ̀, inú wọn á sì dùn pé àwọn ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rọra fẹsẹ̀ rìn kọjá lára wọn pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, ojú ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ìrìn tí kò bá ti le, tí kò mú èèyàn làágùn, asán ni. Ìgbàgbọ́ yìí náà ló ń mú kí àwọn kan ní Epe àti Ìkòròdú máa sọ pé kò sí ibi téèyàn lè rìn lágbègbè àwọn. Ilẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, kò sí òkè bíi ti Ìdànrè, kí wá ni ìwúlò kéèyàn máa rìn lọ rìn bọ̀ létí omi? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá, èyí tó burú jù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òógùn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ooru ń jáde lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara kò fẹ́ kí ooru inú òun fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n 37 ti Celsius lọ. Ó máa ń tú omi sórí awọ. Bí omi náà bá ń gbẹ, á máa gbé ooru lọ. Gbígbẹ yẹn gan-an ló ṣòro lọ́dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà kún fún ọ̀rinrin, omi tó wà lára kò ráyè gbẹ, ló bá ń ṣàn lọ sẹ́yìn títí tó fi rin aṣọ. Ẹ rin ọ̀nà kan náà nígbà ọyẹ́, bí ẹ ṣe máa ń rìn ín gẹ́lẹ́, aṣọ yín lè gbẹ tán kí ẹ tó délé, bóyá kí iyọ̀ díẹ̀ kù níwájú orí yín. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àti ọkàn ṣe kò dín. Ẹni tó há sínú dánfó ní Mile 2 lọ́sàn-án gangan náà ń làágùn. Ta ló máa sọ pé eré ìdárayá ló ń ṣe?

Ọ̀rá tí wọ́n ń wé mọ́ ikùn tún burú ju súwẹ́tà lọ. Kò jẹ́ kí òógùn gbẹ rárá, ara á wá máa gbóná sí i, á máa tú omi sí i, omi ọ̀hún kò sì ní ríbi gbà. Òótọ́ ni pé bí wọ́n bá gorí ìwọ̀n lẹ́yìn ìrìn, ó lè fi kílò kan dín. Ẹ rántí pé lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó bá mu ìgò omi ńlá kan àti díẹ̀ sí i ti dá gbogbo rẹ̀ padà kó tó wẹ̀. Ẹni tí kò bá mu ún ńkọ́? Òòyì lè kọ́ ọ, ooru àpọ̀jù sì ti gbé ẹni tó lágbára ṣubú rí.

Ọ̀rá inú ara kì í gba ojú òógùn jáde bí wọ́n ṣe rò. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ: bí ara bá jó kílò 10 ọ̀rá tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí à ń mí síta, kílò 1.6 tó kù ló ń di omi. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń kó èyí tó pọ̀ jù jáde. (Kí ẹnikẹ́ni má wá jókòó sílé kó máa mí hẹlẹhẹlẹ o. Iṣan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó o.)

Kí wá ni a óò fi wọn ìrìn? Ẹnu. Bí ẹ bá lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀ láìdúró, àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ìrìn yín ti tó ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mo rìn tẹ̀lé àwọn ìyá méjì kan ní Marina tí wọ́n ń jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta àgbọn. Wọ́n jiyàn débi pé wọn ò mọ̀ pé àwọn ti rìn jìnnà. Ìgbà tó yá, ọ̀kan gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì dé ìlà kejì tí èémí fi já a gbà lẹ́nu. Èkejì bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká dé ibi tá à ń lọ ná!" Aṣọ àwọn méjèèjì gbẹ. Ìdánwò tí àwọn dókítà ń ní ká ṣe, wọ́n ti ṣe é láìmọ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lè ka ẹsẹ̀ rẹ̀: ìṣísẹ̀ bí 100 ní ìṣẹ́jú kan tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tàbí iṣẹ́ mìíràn tó bá a dọ́gba, fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, ó ti pé 150. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò wọlé. Wọ́n ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ìrìn láti ilé dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wọ mọ́tò wà nínú ìṣirò.

Ẹ̀rí pé ìrìn tí kò le ń ṣiṣẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1953, dókítà Jerry Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú London. Dẹ́rẹ́bà jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ sókè sódò láti gba owó. Àrùn ọkàn ń ṣe àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Morris kò jẹ́ kó parí síbẹ̀, ó tún padà lọ wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn, ó sì rí i pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn dẹ́rẹ́bà fẹ̀ ju ti àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ, èyí tó fi hàn pé ìyàtọ̀ mìíràn lè wà láàárín wọn. Irú olùṣèwádìí tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti gbe é lẹ́yìn pé jíjókòó pa léwu, ìrìn sì ń ṣàǹfààní.

Ọ̀rọ̀ 10,000 ìṣísẹ̀ tí fóònù ń fi dààmú àwọn èèyàn ńkọ́? Ọjà ni wọ́n fi ń polówó níbẹ̀rẹ̀. Ní Japan, ní 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, ilé iṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ tó ń ka ẹsẹ̀ jáde, wọ́n sì fi 10,000 sọ ọ́ lórúkọ. Ní 2019, ìwádìí tí I-Min Lee ṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo obìnrin 16,741 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 72. Àwọn tó ń rin 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kú kéré sí àwọn tó ń rin 2,700, ìyàtọ̀ tó tó 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn 7,500, àǹfààní náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga sí i mọ́. Irú ìwádìí yìí kò lè sọ ní pàtó pé ìrìn nìkan ló fà á, torí ẹni tí ara rẹ̀ le náà ló máa ń rìn jù. Àmọ́ kò gbe ẹni tó ń sọ pé bí kò bá pé 10,000 kò ṣe é lẹ́yìn.

Ẹni tó bá wá fẹ́ kí ó le lóòótọ́, Badagry kò fi ìyẹn du ú. Ẹ ti iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ ní 1845 rìn lẹ́bàá ọ̀sà dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sọdá sí erékùṣù Gberefu. Ọ̀nà tó lọ sétí òkun láti ibẹ̀, iyanrìn ni. Ní ibi tó gbẹ, gìgísẹ̀ á rì, á yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé èkejì, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn olùṣèwádìí ní Belgium wọn èyí ní 1998: rírìn lórí iyanrìn ń gba agbára ìlọ́po 2.1 sí 2.7 ti orí ilẹ̀ líle, bí ìyára bá dọ́gba. Ọ̀nà pẹrẹsẹ ni, kò sí òkè kankan níbẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù fún yín, ẹ rin etí òkun níbi tí omi ti rin iyanrìn tó sì le, ẹsẹ̀ kò ní rì mọ́.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n fi kó àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú gbà lọ sójú òkun. Kànga tí wọ́n sọ pé wọ́n ń fún wọn mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé ṣì wà lójú ọ̀nà. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń gbé sípíkà dé ibẹ̀ láti fi jó.

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi nínú ọkọ̀, kódà bí ẹni tó ń tukọ̀ bá ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má wẹ̀ ní etí òkun Gberefu, ìgbì ibẹ̀ le. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lórí iyanrìn, torí nǹkan lè gún un lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára. Kó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò bó bá délé. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni tàbí tó ń fún un pọ̀ nígbà tó ń rìn, kó dúró síbẹ̀, kó má ṣe fẹ́ parí rẹ̀ dandan, kó sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.